Ihò Mẹ́fà ní Àjàgbà

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, kí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tan tẹlifíṣọ̀n yàrá ìgbafẹ́. Gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Koríko tutù yọ̀yọ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Gbogbo wa dákẹ́, à ń wò. Ni ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé bá ní, "Ẹ wò ó, èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé rẹ̀. Ẹ kó àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ jọ láti òní di ọdún mẹ́wàá, wọn ò lè ṣe pápá gọ́ọ̀fù kan tó dára."

Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Kì í ṣe pé ẹ̀rí ò sí lọ́wọ́ mi o. Ẹ̀rí náà ni ẹjọ́ tèmi wà nínú rẹ̀, mi ò sì lè rò ó láàárín èrò. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Àjàgbà ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lápá Òkìtìpupa, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí, kó sáà rántí ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́ àti pupuru. Tí ẹ bá ń wá pápá gọ́ọ̀fù ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ gba Ìlárá-Mọ̀kín lọ, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ihò 18 wà níbẹ̀. Ní Àjàgbà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ là ń gbá, pápá ilé ìwé sì ni pápá wa.

Àfi ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Èkó dé. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe kádì ní ẹgbẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ. Kádì ni ẹni tó ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀ lé àwọn tó ń gbá a. Òun ló ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó. Òun ló ń sọ fún ọ̀gá pé atẹ́gùn ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, pé ilẹ̀ ibí yìí dà sápá òsì díẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ọ̀gá mọ̀ ọ́n gbá. Bí kò bá wọlé, kádì ló júwe òdì. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń gba àwọn kádì láyè láti gbá tiwọn, ìyẹn bí òjò ò bá rọ̀, bí àlejò pàtàkì ò bá sì dé.

Nígbà tí eékún ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé àpò mọ́, wọ́n padà wálé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Mo wà ní JSS 3 nígbà náà, bàbá mi sì ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. Àpò kan báyìí ni Bọ̀ọ̀dá gbé wálé: igi gọ́ọ̀fù mẹ́ta tó ti dípẹtà, àti bọ́ọ̀lù mélòó kan tí wọ́n ti ṣà nínú igbó láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dojú kọ ilẹ̀ ìdílé wa tí bàbá mi ti ń dáko tẹ́lẹ̀, tó ti di igbó. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ihò mẹ́fà á gba ibí yìí."

Ìyá mi rò pé iná Èkó ló ń yọ lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é, nítorí ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi rìn ín. A ò ge koríko kankan. Bọ̀ọ̀dá á dúró síbì kan, wọ́n á fi igi júwe ọ̀kánkán, wọ́n á bi mí pé, "Tí o bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti ibí yìí, ibo lọkàn rẹ ń lọ?" Màá sọ fún wọn. Wọ́n á ní, "Ó dáa. Báwo la ṣe máa ṣe é kí ọkàn rẹ má fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀?" Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà. Èmi ni akọ̀wé wọn: mo mú ìwé olójú-ewé ogójì mi kan tí mi ò tíì lò, mò ń fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, mò ń fi ìṣísẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ṣe ìwọ̀n. Ihò tó gùn jù ò ju ìṣísẹ̀ 120 lọ.

Ihò kẹta lọ́ba nínú wọn. Ọ̀pẹ kan wà láàárín ọ̀nà rẹ̀, ọ̀pẹ tí bàbá mi máa ń kọ nígbà ayé wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó bá wa ṣánlẹ̀ ní ká gé e kí ọ̀nà lè là. Mo dákẹ́, àmọ́ ojú mi ti ń pọ́n. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun ni ihò yẹn." Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ẹni tó bá gba apá òsì ọ̀pẹ, ọ̀nà kúrú fún un, ṣùgbọ́n àyè fún, bó bá ṣìṣe díẹ̀, inú igbó ni. Ẹni tó bá gba apá ọ̀tún, àyè gbà á, ṣùgbọ́n á gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dé. Wọ́n ní ihò burúkú ni èyí tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, nítorí alágbára nìkan ló máa ń jẹ níbẹ̀. Ihò tó dára á jẹ́ kí arúgbó àti ọ̀dọ́ jọ ronú. Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ látẹnu ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ewì.

Ibi tí ihò máa ń wà, tí wọ́n ń pè ní gríìnì, koríko rẹ̀ kì í kọjá bíńtín. Ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé e lójoojúmọ́, ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ oògùn. Ta ló ní i? Bráùn la ṣe. A ru yanrìn, a po ó mọ́ ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti dà nù, a fi pákó tẹ́ ẹ kó le, kó má sì fò bí atẹ́gùn bá dé. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o: ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà ló ti lo bráùn láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, nígbà tí koríko ilẹ̀ òkèèrè ò bá oòrùn wa mu. Ìwọ̀n ihò gọ́ọ̀fù káàkiri ayé jẹ́ mìlímítà 108 ní fífẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ò mọ iye mìlímítà, wọ́n sáà mọ̀ ọ́n lójú. Wọ́n gbé àgolo mílíìkì, wọ́n ní, "Èyí kéré." Wọ́n wá èyí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún yẹn la ṣí i. Bọ̀ọ̀dá ló yan ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọdé pọ̀ bí eéṣú. Màmá Pupuru, tí oko ẹ̀gẹ́ wọn bá ilẹ̀ wa pààlà ní ìsàlẹ̀, gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja wá fún gbogbo wa. Opó ni màmá yìí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n ń fún, tí wọ́n ń mọ ní roboto bí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbé sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ méjì nílé ìwé. Bọ̀ọ̀dá fún wọn nígi gọ́ọ̀fù, wọ́n ní kí àwọn náà gbá a. Màmá ká ìró sókè, wọ́n gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù fò, ó sì lọ gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ. Ariwo ta! Wọ́n ní, "Ó jọ pé ọwọ́ tó ń mọ pupuru lè gbá gọ́ọ̀fù!"

Mo gbé ìtàn dúró síbẹ̀ yẹn ná, kí n dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo wá ìtàn pápá gọ́ọ̀fù kà, kí n lè mọ̀ bóyá àlá lásán ni Bọ̀ọ̀dá ń lá. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Pápá àtijọ́ St Andrews ní Scotland, tí gbogbo ayé ń pè ní ilé gọ́ọ̀fù, kò sí ẹnì kan tó jókòó ya àwòrán rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn òkun, àgùntàn àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá a ló la ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà 22 ni wọ́n máa ń gbá sí ihò títí di 1764, tí wọ́n sọ ọ́ di 18, òun náà ni ayé sì ń tẹ̀ lé dòní. Ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò irin ni Henry Fownes tó ṣe pápá Oakmont ní 1903. Ìdíje US Open ti wáyé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èyí tó ṣe ìkẹwàá ní 2025. Hugh Wilson tó ṣáájú ìgbìmọ̀ tó ṣe pápá Merion, tí wọ́n ṣí ní 1912, iṣẹ́ ìbánigbófò ló ń ṣe. George Crump tó ṣe Pine Valley, òtẹ́ẹ̀lì ló ní. Jack Neville àti Douglas Grant tó ṣe Pebble Beach, tó ṣí ní 1919, agbágọ́ọ̀fù ni wọ́n. Wọn ò ṣe pápá kankan rí kó tó dìgbà náà.

Ṣé ẹ rí i pé mo jàre? Kódà, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ lórí pápá, ká sọ tiwa. Ta ló fún èyíkéyìí nínú wa níwèé ẹ̀rí pé ká máa kọ ewì?

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí nǹkan mìíràn, inú mi ò sì dùn mọ́. Wilson ò jókòó sílé dá ọgbọ́n tirẹ̀ lò. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Charles Blair Macdonald, tó ti ṣe National Golf Links, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Britain láti fojú ara rẹ̀ wo àwọn pápá tó wà níbẹ̀. Crump ránṣẹ́ pe Harry Colt láti England ní 1913 kó wá bá a wo ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Nígbà tó kú ní 1918, ihò mẹ́rìnlá ló ti parí. Àwọn tó kù ló bá a ṣe mẹ́rin yòókù. Gbogbo àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ wọ̀nyí, tí iṣẹ́ wọn dára, béèrè ni wọ́n béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.

Èmi ni mi ò béèrè.

Ihò karùn-ún wà ní ibi tó rẹlẹ̀, ó fẹ́ jọ àkúrò. Bọ̀ọ̀dá mọ gọ́ọ̀fù, wọ́n mọ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún ti mú ojú wọn kúrò lára ilẹ̀ ilé. Wọ́n ní ká gbẹ́ gọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kí omi òjò lè rí ibi gbà. Mo yà á sínú ìwé mi, ìlà kan gbọọrọ tó lọ tààrà sísàlẹ̀. Ó dùn ún wò. Bọ̀ọ̀dá wò ó, wọ́n ní, "Lọ bi Màmá Pupuru léèrè. Oko wọn ló wà ní ìsàlẹ̀, ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń dáko níbẹ̀. Ní kí wọ́n sọ ibi tí omi máa ń gbà fún wa kí a tó fọwọ́ kan ilẹ̀."

Mo kọrí sí oko màmá. Lójú ọ̀nà, mo bá àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ku ẹnì kan. Mo wọlé, mo gbá a títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí mo délé, Bọ̀ọ̀dá ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n ní kò séwu. Wọ́n ní ká gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Irọ́ náà ò wúwo lẹ́nu mi rárá. Ó dà bíi pé mo ní, "Mo ti jẹun." Lọ́jọ́ kejì la gbẹ́ gọ́tà náà.

Òjò oṣù keje la máa ń pè ní òjò ní ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún yẹn, ó rọ̀ ní alẹ́ mẹ́ta léra wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ihò karùn-ún gbẹ. A yọ̀! Gọ́tà wa ṣiṣẹ́! Ọmọ Màmá Pupuru ló sáré wá pè wá. Gbogbo omi òkè ti gba ojú ìlà gbọọrọ tí mo yà, ó ti kó sínú oko wọn, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ó dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀gẹ́, ẹ mọ̀ pé ó lè fara da ọ̀dá, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi tó bá dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń wú u, ó ń já sí wa lọ́wọ́, ó ń rùn, omi funfun ń ro lára rẹ̀. Ó lé ní ìdajì oko náà tó rà.

Màmá ò pariwo. Wọ́n dúró sínú ẹrẹ̀, wọ́n bi Bọ̀ọ̀dá mi pé, "Àbúrò mi, ẹ ò lè bi mí ni? Ọ̀nà tí omi ń gbà nìyẹn, níbi ọ̀pẹ méjì yẹn. Ọkọ mi ló fi hàn mí lọ́dún tí mo wọlé. Ká ní ẹ bi mí ni, ṣé mi ò ní sọ?"

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wò mí. Mo rí i pé wọ́n ti mọ̀. Wọ́n wá yíjú padà sí màmá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ yẹn, pẹ̀lú eékún wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò béèrè."

Wọ́n fi ilẹ̀ ihò kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà fún màmá kí wọ́n máa fi dáko. Wọ́n dí gọ́tà náà, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ibi ọ̀pẹ méjì. Màmá dúró tì wọ́n, wọ́n ń fẹsẹ̀ júwe ibi tí ọkọ́ máa gbà. Kò bà jẹ́ mọ́ láti ọdún yẹn. Ihò mẹ́ta ló kù. Lójoojúmọ́ ni Bọ̀ọ̀dá ń gbá ihò mẹ́ta yẹn, wọ́n á parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí kìn-ín-ní. Wọn ò fìgbà kan bi mí nípa ọjọ́ tí wọ́n rán mi níṣẹ́. Ẹ̀gbà ni mò ń retí. Ká ní wọ́n nà mí ni, bóyá mi ò bá ti gbàgbé. Wọ́n kú ní ọdún 2022. Igbó ti fẹ́ẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ báyìí, àfi ọ̀pẹ.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, ìdáhùn mi rèé. Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ lè ṣe pápá gọ́ọ̀fù tó dára. Mo ti gbá ihò kẹta ní Àjàgbà, kò sí òyìnbó tó máa sọ fún mi pé kò dára. Ṣùgbọ́n ìwọ náà jàre níbì kan. Ẹni tó kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi tipátipá mú un béèrè: wọ́n á ní kó wọn ilẹ̀, kó wá ọ̀nà omi, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ló máa rán an. Tí ẹni tí ó rán bá sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ ti mọ ibi tó máa já sí.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ewì kan tí mo pè ní ẹkún ìyàwó. Àtẹ́wọ́ dún nínú ẹgbẹ́ wa. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti bá ìyá kan tó sun ún rí sọ̀rọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìlà gbọọrọ kan ni mo tún yà sínú ìwé, ó dùn ún wò.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo lọ kí Màmá Pupuru. Mo ti pinnu pé mo máa sọ fún wọn. Wọ́n rí mi, inú wọn dùn, wọ́n ní, "Ọmọ yunifásítì!" Wọ́n ro pupuru fún mi, wọ́n bu ọbẹ̀ ẹja lé e. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo dúpẹ́. Mo lọ sílé.

Bí ìwé yìí bá jáde, ẹ̀dà méjì ni mo máa rà. Ọ̀kan tèmi. Èkejì ń lọ sí Àjàgbà. Màmá ò mọ̀wé kà, èmi ni mo máa kà á sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, níwájú oko ẹ̀gẹ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá rán ẹnì kan láti wá bi wọ́n.